Òrí Kì í Ṣe Ọ̀rẹ́ Rọ́bà

Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀n-ún. Àwọn tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí káàkiri àdúgbò Basin ní Ìlọrin ti bù mọ́ ọn débi tí èmi tó ṣẹlẹ̀ sí kò fi dá a mọ̀ mọ́. Ẹnìkan tiẹ̀ sọ níwájú mi pé òrùlé fò. Òrùlé kankan kò fò. Èmi Màsúdát ni mo tọ́jú àpótí ìbọn fún ẹgbẹ́ eléré wa láti ọdún 1992 títí di oṣù kẹta ọdún 1996, ọdún mẹ́rin gbáko, iná kò sì jó ẹnikẹ́ni, ojú ẹnikẹ́ni kò fọ́. Bí mo bá fi ìyẹn yangàn, mo ní ohun tí mo fi ń yangàn.

Ìbọn ìṣeré ni o. Àbúrò Alhaji Àbdùlsàlámì, ọ̀gá ẹgbẹ́ wa, ló rà á ní ìlú Japan nígbà tó lọ ra ẹ̀yà mọ́tò. Ọta rẹ̀ kò ju hóró ike kéékèèké lọ, ṣùgbọ́n gáàsì ló ń tì í jáde. Bí o bá yìn ín, orí rẹ̀ á fà sẹ́yìn, á padà, á dún gbàù. Nínú fídíò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé kì í ṣe ti gidi. Òun ló sọ eré wa di ohun tí wọ́n ń béèrè láti Ọjà Tuntun títí dé Ọ̀fà. A gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá lé e lórí, inú báàgì mi ni ìwé náà sì máa ń wà níbikíbi tí a bá ti lọ ṣeré.

Agolo gáàsì kékeré méjì tó bá a wá láti òkè òkun kò pẹ́ tó fi tán. Ìgbà yẹn ni a lọ bá Olúfẹ́mi, tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní àdúgbò Ṣàngó. Ó gbẹ́ àdápítọ̀ idẹ kan fún wa, tí kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. Bí o bá yí ìdí rẹ̀ mọ́ sílíńdà gáàsì kékeré, irú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ń se tíì, tí o sì ki ẹnu rẹ̀ bọ ìdí mágásíìnì, àpò ọta ìbọn, gáàsì á ti inú èkíní wọ inú èkejì. Láàárín idẹ àti sílíńdà, rọ́bà róbótó kan wà níbẹ̀, tí kò tóbi ju òrùka ọmọ ìkókó lọ. Rọ́bà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ó bá dára, gáàsì á lọ síbi tí o rán an. Bí kò bá dára, gáàsì á lọ síbi tó wù ú.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ n purọ́, torí kí n lè ṣeré ni mo ṣe wọ ẹgbẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọjú kámẹ́rà sí mi, ẹnu mi á gbẹ, apá mi á le gbagidi bí igi ìdáná. Lẹ́yìn fídíò méjì, Alhaji ní kí n máa fọ aṣọ eré. Mo ń fọ̀ ọ́. Ọkọ mi ti kú nígbà náà, mo ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Ọjà Tuntun, kò sì sẹ́ni tó ń bi mí ní èrò ọkàn mi lórí ohunkóhun. Ọjọ́ tí Alhaji fi kọ́kọ́rọ́ àpótí náà lé mi lọ́wọ́, tó sì sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé, "Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan yìí, ọwọ́ Màsúdát ni kó ti gbàṣẹ," ọjọ́ yẹn ni mo di ènìyàn láàárín wọn. Àwọn ọkùnrin tí kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá kúrò lọ́wọ́ mi, aṣọ ìdọ̀tí àti omi ọṣẹ ló kù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mo tọ́jú rẹ̀ débi ìtọ́jú. Àdápítọ̀ ní agolo bisikíìtì tirẹ̀, mo sì fi aṣọ gbígbẹ wé e, nítorí eruku ọyẹ́ Ìlọrin kò mọ ihò tí kò ní wọ̀. Sílíńdà dúró lóòró nínú yàrá ẹrù lẹ́yìnkùlé mi, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ pákó tí atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Oòrùn kì í dé ibẹ̀, ìdáná sì jìnnà sí i. Àwọn méjèèjì kì í sùn pọ̀. Bí mo bá ti rọ gáàsì tán báyìí, mo ti tú wọn kúrò lára ara wọn nìyẹn, nítorí níwọ̀n ìgbà tí àdápítọ̀ bá ṣì wà lórí sílíńdà, rọ́bà kékeré yẹn nìkan ló ń dí gáàsì lọ́nà. Ìta gbangba ni mo ti ń rọ ọ́. Bí ẹnìkan bá ń mu sìgá nítòsí, màá gbé sílíńdà sílẹ̀, màá ká ọwọ́ gbera, màá dúró kó pa á. Bó bá lóun ò pa á, mo ní sùúrù. Mo lè dúró níbẹ̀ títí di mọ̀ngáríbì.

Ohun tó fa wàhálà gan-an nìyẹn. Lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ọdún 1996, a lọ ya àwòrán eré kan ní abúlé àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, oòrùn ń jó bí ẹni pé ó ń bínú sí wa. Ẹni tó wa ọkọ̀ wa gbé sílíńdà sílẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ títí di àkókò ìrun ayílà, gíláàsì rẹ̀ sì wà ní títì pa. Nígbà tí mo fọwọ́ kan sílíńdà náà, ó ń ta mí lọ́wọ́. Mo ní kò sẹ́ni tí yóò rọ gáàsì kankan nínú rẹ̀ àfi tó bá tutù. Mo gbé e sábẹ́ igi, mo jókòó tì í.

Oníkámẹ́rà ní òun máa lọ ní aago mẹ́rin. Alhaji bẹ̀ mí, lẹ́yìn náà ó pàṣẹ fún mi, lẹ́yìn náà ó pariwo lé mi lórí. Mo ní, "Alhaji, ẹ bínú bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Gáàsì tó gbóná ń wá ọ̀nà jáde ni. Ojú àwọn ọmọ tẹ́ ẹ kó wá yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́hun máa ń fún èèyàn lójú."

Kàbírù ló dáhùn. Ọmọ àbúrò ìyá Alhaji ni Kàbírù, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó ti ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ tán ní Poly, ó sì ń gbé nílé Alhaji ní Basin títí tó máa fi ríṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìwé tó kà ṣì ń pa á bí ọtí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Màsúdát, gáàsì ìdáná ni, kì í ṣe bọ́ǹbù. Ẹ kàn ń fi òfin yọ gbogbo wa lẹ́nu ni."

Gáàsì tutù ní ìgbà tí oníkámẹ́rà ti ká wáyà rẹ̀ tán. A kò ya ìran ìbọn yẹn. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ bọ̀, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, nítorí mo mọ̀ pé mo jàre. Ní ọjọ́ kejì Alhaji ránṣẹ́ sí mi kí n gbé àpótí náà wá sí Basin. Ó ní Kàbírù ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, pé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún aláìsàn pé oògùn ti tán.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lé Kàbírù lọ́wọ́: sílíńdà, agolo, ìbọn, ìwé ọlọ́pàá, kọ́kọ́rọ́. Ó gbé ìgò òróró kékeré sókè sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀kán òróró yẹn la fi ń pa rọ́bà lára kó má baà gbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tó bá tán, kí ni kí n máa fi pa á?"

Mo wò ó. Mo ní, "Ìwọ tó lọ sí Poly ló máa mọ̀."

Mo mọ ìdáhùn. Kí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ ọ́n láti ìsinsìnyí: mo mọ̀ ọ́n, mo sì gbé e mì. Ní ọdún 1993, òróró tó mọ́ gaara yẹn tán mọ́ mi lọ́wọ́. Ìlọrin la wà. Bí ara ọmọ bá gbẹ, òrí. Bí orúnkún bá ń dun àgbà, òrí. Bí imú bá dí, òrí. Bí ilẹ̀kùn bá ń han, wọ́n á ní kí o fi òrí díẹ̀ sí i. Mo bu òrí, mo fi pa rọ́bà. Lọ́jọ́ kẹta, bí mo ṣe yí àdápítọ̀ mọ́ sílíńdà, gáàsì tú sí mi lọ́wọ́, ó tutù débi tó fi bó mi lára bí iná. Olúfẹ́mi ló là mí lójú. Ó ní ọ̀rá ni òrí, ọ̀rá ló sì ń ba irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ jẹ́: ó máa ń mú un wú, á rọ̀, kò sì ní lè dí ihò mọ́. Ó bá mi wá òróró tó yẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ fótòkọ́pì ṣe. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ pé omi gbígbóná ló dà sí mi lọ́wọ́. Èmi tí mo ń pa àṣẹ fún gbogbo ayé, ṣé kí n wá sọ fún wọn pé mo fi òrí pa ẹ̀rọ?

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Mo ń fọ aṣọ. Ẹnìkan nínú wọn ti padà sí pípè mí ní "Màsúdát" lásán, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo gbọ́ ọ. Ó dùn mí wọra. Kí n má tàn yín, mo ń retí ọjọ́ tí àpótí yẹn máa dójú ti Kàbírù. Ìtìjú kékeré ni mo ń retí o, bóyá kí ìbọn kọ̀ láti dún níwájú àwọn èèyàn, kí Alhaji wá sọ pé, "Ẹ lọ bá mi pe Màsúdát wá."

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo ru babaríga Alhaji tí mo ti fọ̀, tí mo ti lọ̀, mo gbé e lọ sí Basin. Wọ́n ń retí àlejò lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà Raudah, ọmọ Alhaji, ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun alásárì. Alhaji àti Kàbírù ti jáde lọ gbé àwọn àga tí wọ́n yá. Ìyá Alhaji àti Raudah nìkan ló wà nílé.

Hàjàrá ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí ọkọ mi kú tí mo wà nínú tákàbà, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó kì í jáde, obìnrin yìí ni kò jẹ́ kí n dá nìkan wà. Ó máa ń ti Basin wá, á jókòó tì mí, á máa ṣa ìrẹsì, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Àwọn ẹbí mi gan-an kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bọ́ bàtà. Nígbà tí mo wà ní ìdúró, n kò gbóòórùn ohun kan tó jọ mí lójú. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tán ni òórùn náà fún mi nímú, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ àti àlùbọ́sà tó ti rà, tó sùn sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Gáàsì wúwo ju atẹ́gùn lọ. Ilẹ̀ ló máa ń wá. Ara mi sọ fún mi ohun tó jẹ́ kí ọkàn mi tó sọ ọ́. Wọ́n ti ti gbogbo fèrèsé pa nítorí eruku, aṣọ fèrèsé tuntun sì bò wọ́n.

Raudah dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti na ọwọ́ sí swíìṣì fáànù. "Ẹ káàsán, mà. Eku kan ló kú sábẹ́ àga, ó ń rùn láti àná. Ẹ jẹ́ n tan fáànù kó lè fẹ́ ẹ jáde."

"Má fọwọ́ kàn án," ni mo wí. Mi ò pariwo. Iná tó ń ta pàrà nínú swíìṣì ti tó láti ràn mọ́ gáàsì. "Wá gba aṣọ bàbá rẹ lọ́wọ́ mi, kó má baà rún. Gba ẹ̀yìn mi jáde síta."

Ó wá, ó gbà á, ó jáde. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tó ti ìdáná wá sí pálọ̀. Ìyá ló ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì gbé àwo amọ̀ kan tó kún fún ẹyinná pípọ́n, tùràrí ń rú lórí rẹ̀. Òórùn burúkú wà nínú pálọ̀, àlejò ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ. Kí ni obìnrin Ìlọrin tó mọ̀wà hù máa ṣe? Á fín tùràrí. Ibi tí wọ́n sì máa ń gbé e sí ni ilẹ̀, ní àárín pálọ̀, kí èéfín rẹ̀ lè wọ abẹ́ àga.

Ìṣísẹ̀ méje ló kù fún un. Bí mo bá ké, àyà rẹ̀ á já, àwo á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹyinná á fọ́n ká. Bí mo bá sáré sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni, etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn dáadáa. N kò sì ní ráyè fún àlàyé. Ohun tí mo ṣe ni pé mo kọjá sínú ọ̀ọ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ sí àárín rẹ̀ gbandan, orúnkún méjèèjì, mo kí i.

"Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ kú oríire ọmọ. Ẹ kú ojú lọ́nà àlejò."

N kò rí àgbàlagbà Ìlọrin kan rí tí wọ́n á kúnlẹ̀ kí, tí á kọjá lọ láìdáhùn. Ó dúró. "Màsúdát, ìwọ náà kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Òwú ń tà? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kó sú ọ."

"Àmín, Ìyá."

"Ọlọ́hun á bá wa pa ayọ̀ yìí mọ́. Ohun tí à ń wí yìí, ojú rẹ á rí i lára tìrẹ."

"Àmín, àmín." Mo na ọwọ́ mi méjèèjì. "Ìyá, ẹ jẹ́ n gbà á. Kò yẹ kí ọwọ́ yín máa gbé iná nígbà tí mo wà nílẹ̀."

"Eku ló kú mọ́ wa nílé," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́. Gbígbóná rẹ̀ wọ àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò jẹ́ kó hàn lójú mi. Mo dìde, mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa bá mi bọ̀ lẹ́yìnkùlé, pé mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá a sọ. Mo rìn bí ẹni tó ru ẹyin, mo gba ilẹ̀kùn ìdáná jáde, mo dé ìdí igi dóńgóyárò lẹ́bàá ògiri, mo da ẹyinná sílẹ̀, mo fi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ títí kò fi rú mọ́. Mo padà wá pa iná ìdáná.

Mo padà wọ pálọ̀, mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, mo fa aṣọ fèrèsé, mo ṣí fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ àga ńlá, lẹ́yìn ibi tí Alhaji máa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni mo ti rí i: sílíńdà tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, àdápítọ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ó ń ṣe ṣíí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dá ọmọ lẹ́kun. Mo gbé e jáde lọ sí ìta jíjìnnà, mo tú idẹ kúrò. Rọ́bà náà ti wú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. N kò tiẹ̀ nílò láti gbóòórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbé e símú. Òrí ni.

Alhaji àti Kàbírù dé bí mo ṣe dúró tì í. Raudah sọ fún wọn, Ìyá náà sọ fún wọn, ẹnu wọn ń kọlu ara wọn. Kò pẹ́ tí Alhaji fi lóye rẹ̀, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí wọ́n yá, ó ń sọ pé, "Sùbúhánálàhì, sùbúhánálàhì." Lẹ́yìn náà ó dìde sí Kàbírù.

"Abẹ́ àga mi?"

"Bàbá, mo ní kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìbọn jí ni, mo wá kó gbogbo rẹ̀ pa mọ́ pọ̀," Kàbírù wí. "Mo rọ gáàsì lánàá láti dán an wò. Mo gbàgbé láti tú u. Òróró ti tán, mo fi òrí díẹ̀ pa rọ́bà. Òrí ni gbogbo ayé ń lò."

"Ìyá mi lo fẹ́ pa yìí. Kó ẹrù rẹ. Bí àwọn àlejò yìí bá ti lọ, o ò sùn nínú ilé yìí lónìí, n kò sì fẹ́ rí ọ nínú ẹgbẹ́ mi mọ́."

Kàbírù kò bẹ̀bẹ̀. Ó lọ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́bàá ògiri, ó gbé orí lé ọwọ́. Alhaji gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá bá mi, ó nà án sí mi níwájú ìyá rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀.

"Màsúdát, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin, Ọlọ́hun sì fi hàn mí. Gbà. Kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ mọ́ títí ayé."

Ìyá ń ṣàdúrà fún mi. Ó ń ka gbogbo ohun rere tó wà láyé sí mi lórí, kò sì gbàgbé ọkọ mi tó ti kú. Kọ́kọ́rọ́ náà wà lójú mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ni. Mo tiẹ̀ ti na ọwọ́.

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ ni mo ti tọ́ sọ́nà, èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù.

"Alhaji, ẹ dúró ná," mo wí. "Mo mọ̀ pé òrí máa ń ba rọ́bà yẹn jẹ́."

"A mọ̀ pé o mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí o gbà á nìyẹn."

"Rárá, ẹ gbọ́ mi. Kàbírù bi mí. Lọ́jọ́ tí mo kó o lé e lọ́wọ́, ó bi mí pé kí ni kí òun fi pa á bí òróró bá tán. Mo ti fi òrí pa á rí, òun ló bó mi lọ́wọ́ lọ́dún 1993, kì í ṣe omi gbígbóná. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ra òróró gidi. N kò sọ fún un. Mo fẹ́ kí ojú tì í, kẹ́ ẹ lè padà wá pè mí."

Àdúrà dúró lẹ́nu Ìyá. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì.

"Màsúdát, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, Ìyá."

Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí mo lè kọjú sí. Obìnrin yìí ṣa ìrẹsì fún mi fún oṣù mẹ́rin. Kò bú mi. Bí ó bá bú mi, ì bá sàn. Ó kàn gba ìdí igi lọ, ó gbé àwo amọ̀ rẹ̀ tí mo da iná inú rẹ̀ nù, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì wọ inú ilé lọ múra de àwọn àlejò rẹ̀.

Alhaji ká ọwọ́ kúrò. Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà, ó wo Kàbírù, ó wo èmi, ó sì jù ú sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ní kí Raudah tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, pé ìta la ó ti gba àlejò, kí atẹ́gùn lè gbá pálọ̀ mọ́ dáadáa. Kò sọ fún Kàbírù mọ́ pé kó kó ẹrù rẹ̀.

Mo rìn lọ sí ibi tí Kàbírù jókòó sí. N kò ní kọ́kọ́rọ́, òun náà kò ní. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi kò ju rọ́bà tó ti wú yẹn lọ. Mo jókòó tì í lórí búlọ́ọ̀kù náà, mo gbé rọ́bà lé e ní àtẹ́lẹwọ́, mo sì na ọwọ́ òsì mi sí i kó lè rí àpá tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo ní, "Wò ó dáadáa. N kò tíì fi kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́gbọ́n rí."